Èsì mi sí oníbàárà tó ní kóòdù tí wọ́n ti lò ni mo tà fún òun

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, mo tún un kà láàárọ̀ yìí kí n tó fèsì, torí ohun tí èèyàn bá fi ìbínú kọ síwájú gbogbo ayé kì í ṣe é pa rẹ́ mọ́. Ìràwọ̀ kan lẹ fún mi. Ẹ ní géèmù tí ẹ rà lọ́wọ́ mi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín ìgbà yẹn, fáírọ́ọ̀sì mú kí ẹ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn ni pé ẹ nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì tún gbé e sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò yín. Ìgbà tí ẹ wá pààrọ̀ motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, géèmù náà ní òun ò ṣí mọ́, pé iye ìgbà tí wọ́n fún kóòdù tí ẹ fi ń ṣí i ti pé. Ẹ ní ó dájú pé kóòdù tí ẹlòmíì ti lò ni mo tà fún yín. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀rẹ́ yín tó gba ayédèrú géèmù yìí kan náà ń gbádùn tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kóòdù kúrò nílẹ̀, torí orúkọ ni oníṣòwò ní. Tuntun ni géèmù náà. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi dì í ṣì wà lára páálí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín, inú ìwé pélébé tó wà nínú páálí ni wọ́n sì tẹ kóòdù sí. Èmi ò tíì fojú kan kóòdù yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ fọ́máàtì, méjì. Kọ̀ǹpútà àbúrò yín, mẹ́ta. Mẹ́ta náà ni gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún ẹni tó bá rà á. Ẹ̀yin lẹ lò ó tán, láìmọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé wọ́n ń kà á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́nú ni pé, bí ẹ bá ti tẹ kóòdù sí i, ètò ààbò inú géèmù á yẹ àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà wò, irú bíi motherboard, processor tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ àti hard disk tó ń tọ́jú nǹkan pa mọ́, á fi wọ́n ṣe nọ́ńbà kan, á sì fi nọ́ńbà náà pẹ̀lú kóòdù ránṣẹ́ sí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Server á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kóòdù báyìí wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Bí ẹ̀yà ara kan tó ṣe pàtàkì bá yí padà, tàbí tí ẹ bá fọ́máàtì, nọ́ńbà yẹn náà lè yí padà, ó sì di pé lójú server, ẹ ti ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀yin mọ̀ pé orí tábìlì kan náà ló wà, ìka kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Server ò mọ tábìlì. Ní ọdún 2021, nígbà tí Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe processor, gbé tuntun jáde tí core inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́ oríṣi méjì, ńlá àti kékeré, ètò ààbò inú àwọn géèmù kan rí àwọn core kéékèèké yẹn, ó ní kọ̀ǹpútà ẹlòmíì nìyí. Intel fúnra rẹ̀ to géèmù 51 sílẹ̀ tí wàhálà yìí kàn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, inú páálí kan ṣoṣo, wọ́n ní méjì ni!

Ọ̀nà kan wà tí ẹ ì bá fi gba àyè yín padà: kí ẹ kọ́kọ́ yọ géèmù náà kúrò nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà, kí ó tó di pé ẹ fọ́máàtì tàbí ẹ tú kọ̀ǹpútà. Ó wà lójú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé pélébé yẹn. Ta ló ń ka ojú ìwé yẹn? Èmi gan-an ò kà á rí àfi láàárọ̀ yìí.

Ìràwọ̀ kan yín ní àwọn ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí géèmù BioShock jáde ní ọdún 2007, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbà káwọn èèyàn ṣí i. Ariwo pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún, nígbà tó sì di ọdún 2008 wọ́n mú òté náà kúrò pátápátá. Ọdún yẹn kan náà ni géèmù Spore dé pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tó rà á kọjá sórí Amazon, wọ́n sì ń da ìràwọ̀ kan kan sí i lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Òun náà di márùn-ún nígbẹ̀yìn. Ayédèrú Spore sì ti wà níta kí ọjọ́ títà rẹ̀ tó pé. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ilé iṣẹ́ géèmù Ubisoft ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù wọn, Assassin's Creed II, lórí kọ̀ǹpútà má ṣe kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi kọlu server wọn, àwọn tó sanwó sì jókòó, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Olè ni wọ́n torí rẹ̀ ra àgádágodo, onílé ló tì mọ́ta.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn ọ̀rẹ́ yín fi dùn mí ju ìràwọ̀ kan náà lọ. Òótọ́ ni, n kò ní èsì kankan sí i. Mi ò ní sọ pé kí ẹ ṣe bíi tirẹ̀, torí ẹ ò mọ ohun tí ẹni tó já ààbò yẹn fi ròpò rẹ̀, ẹ sì ti bá fáírọ́ọ̀sì ja ìjà kan tẹ́lẹ̀. Àmọ́ èmi tó ń ta ojúlówó, ojú ń tì mí pé ojúlówó ló ń fìyà jẹni.

Ibi tí ẹ̀bi ti wá kàn mí nìyí, ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu kàn án. Nínú àlàyé ọjà, mo kọ ọ́ pé "géèmù ẹnìkan ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì." Mo rò pé torí pé èèyàn kan ló ń ṣe é, láìbá ẹlòmíì díje, íntánẹ́ẹ̀tì ò kàn án. Lẹ́yìn páálí, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà pé ó gbọ́dọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣí, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Èmi ni mo yẹ kí n kà á, torí àwòrán iwájú páálí nìkan ni mo fi hàn yín. Ẹ má bínú.

Mo ti yí àlàyé yẹn padà. Mo sì yẹ gbogbo díìsìkì tó kù nílẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bí mo ṣe rò lọ: márùn-ún nínú wọn ń lo SafeDisc, ààbò àtijọ́ tí Windows 10 ti ń kọ̀ láti ọdún 2015 tó ti jáde. Wọn ò ní ṣí lórí kọ̀ǹpútà òde òní bó ti wù kí kóòdù wọn mọ́ tó. Mo ti kó wọn kúrò. Ní California, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 tó ní kí ẹni tó ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ kedere fún oníbàárà tó bá jẹ́ pé àṣẹ lílò nìkan ló ń rà. Òfin yẹn ò kan díìsìkì, kò sì kan mi, àmọ́ mo ti yá èrò rẹ̀ lò: láti òní lọ, òkè pátápátá ni màá máa kọ iye ìgbà tí géèmù lè ṣí sí.

Ní ti yín, mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó rà á nìkan ló lè béèrè pé kí wọ́n tún un ṣí. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé tí kóòdù wà, ẹ fi rìsíìtì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín sí i, ẹ kó wọn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì sọ pé motherboard lẹ pààrọ̀. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí wọn ò ṣí i, ẹ dá díìsìkì padà, màá dá gbogbo owó yín padà, títí kan owó ìfiránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti já ọ̀rá rẹ̀.

Ìràwọ̀ kan yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá wù yín, àlàyé tí mo kọ yẹn tọ́ sí i. Gbólóhùn tó ní mo ta kóòdù tí wọ́n ti lò nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò.