Bí A Bá Ń Jà, Bíi Ká Kú Kọ́

Bí olóṣèlú ńlá kan bá kú lónìí, ẹ máa retí òwe yìí. Alátakò olóògbé yóò dé pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀, yóò gba máíkì, yóò mi orí, yóò ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́." Èrò yóò ní òótọ́ ni. Opó yóò tẹrí ba, kò ní wí nǹkan kan.

N kò bá òwe náà jà. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àárín ìjà ló yẹ ká ti máa pa á, nígbà tí ẹni méjèèjì ṣì wà láàyè, tí èébú ń lọ tí èébú ń bọ̀, kí oníjà lè mọ ibi tí yóò dá a dúró sí. Bá a du oyè, bá a du ilẹ̀, bá a du ìbò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n má ṣe é débi pé lọ́jọ́ tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó gbàgbé òwe náà nígbà tó yẹ kó rántí rẹ̀, tó wá ń pa á nídìí pósí, etí ta ló fẹ́ kó gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Sámbíà, nítorí wọ́n ti jìyà àìgbọ́ òwe yìí níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Edgar Lungu, tó jẹ ààrẹ ibẹ̀ láti 2015 sí 2021, kú sí ilé ìwòsàn kan nílùú Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹni ọdún 68 ni. Hakainde Hichilema, tó fi ìbò lé e kúrò lórí àga, ló wà nílé ìjọba. Ìjọba kéde ọ̀fọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n ní àwọn yóò sin ín bí a ti ń sin ààrẹ, kí ààrẹ tó wà lórí oyè sì ṣe olórí ètò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí ní olóògbé ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó kú pé Hichilema kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkú òun.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé jáde lẹ́nu èèyàn. Ẹ padà lọ sí oṣù Kẹrin ọdún 2017. Lungu ni ààrẹ, Hichilema sì ni alátakò tí kò gbà pé ìbò ọdún 2016 mọ́. Àwọn méjèèjì ń lọ síbi ọdún Kuomboka, níbi tí ọba àwọn Lozi ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi ti bò, tí yóò lọ sórí ilẹ̀ gíga. Lójú ọ̀nà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ààrẹ dé, wọ́n ní ti Hichilema kò yà fún un. Kò pẹ́ sí i, ọlọ́pàá já wọ ilé rẹ̀ ní Lusaka lóru, wọ́n yin tajútajú sí wọn, wọ́n sì gbé e lọ. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́jọba ni wọ́n fi kàn án, ó sì lo bí oṣù mẹ́rin ní àhámọ́ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ nígbà náà, nítorí pé ọkọ̀ kan kò yà fún ọkọ̀ kejì!

Ayé yí. Hichilema gorí àga. Ní ọdún 2023, Lungu tó ti fẹ̀yìn tì a máa jáde lọ sáré ìdárayá láàárín ìlú, àwọn èèyàn a sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá kọ̀wé sí i pé eré náà ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé kó máa gba ìyọ̀ǹda kó tó sá a. Nígbà tó ní òun ti padà sínú òṣèlú, ìjọba gba àwọn ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin ilẹ̀ wọn ní kò lè du ipò ààrẹ mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí kò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí lè gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí ikú dé, kò sí ẹnìkan láàárín tí ọ̀tún gbọ́ràn sí lẹ́nu tí òsì sì gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n ṣe ìpàdé títí, wọ́n fọwọ́ sí ètò: ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni òkú yóò wọlé, ààrẹ yóò sì lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹbí ní ìjọba ti yẹ àdéhùn. Òkú kò wá. Lọ́jọ́ kejì, Hichilema fòpin sí ọ̀fọ̀. Ẹbí múra láti sin ín sí Johannesburg ní ọjọ́ 25. Aṣọ dúdú ti wà lọ́rùn nígbà tí ilé ẹjọ́ ní Pretoria dá wọn dúró, torí ìjọba Sámbíà ti pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, adájọ́ ní kí wọ́n gbé òkú lé ìjọba lọ́wọ́. Arábìnrin olóògbé bú sẹ́kún nínú kóòtù. Ẹbí ní ìdájọ́ náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí wọ́n bá fi ti èmi ṣe, òwe yẹn ni n bá dúró lé, n bá sì dá òkú padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adájọ́ náà kò ṣófo. Ẹni tó bá ti jẹ ààrẹ, apá kan ara rẹ̀ ti di ti ìlú, àwa náà sì mọ irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Keje ọdún 2025 kan náà, tí wọ́n sì sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí lọ́jọ́ kejì, àríyànjiyàn lórí ta ló ni òkú ọba, ẹbí ni tàbí àwọn onísẹ̀ṣe, kò tán bọ̀rọ̀.

Èyí tó wá mú ti Lungu korò ni pé òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí àga ní ọdún 2021 nígbà tí Kenneth Kaunda, ààrẹ àkọ́kọ́, kú lẹ́ni ọdún 97. Àwọn ọmọ Kaunda ní baba àwọn fẹ́ kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ìjọba Lungu ní rárá, Embassy Park, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ààrẹ sí ní Lusaka, ni yóò sùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gba kóòtù lọ, kò rí i gbà, wọ́n sì sin ín sí Embassy Park ní ọjọ́ 7 oṣù Keje. Ìdájọ́ ìgbà yẹn wà lára ohun tí wọ́n kó síwájú adájọ́ ní Pretoria lórí òkú Lungu. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Embassy Park náà tó ìran wò. Kaunda wà níbẹ̀. Frederick Chiluba, tó fi ìbò lé Kaunda kúrò ní 1991, tí ìjọba rẹ̀ sì tì í mọ́lé ní òpin 1997, wà níbẹ̀. Levy Mwanawasa, tí Chiluba fà lé ìlú lọ́wọ́, tó sì tún gbé Chiluba lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn owó ìlú, òun náà wà níbẹ̀. Ọgbà kan ṣoṣo. N kò mọ ohun tí wọ́n máa ń bá ara wọn sọ.

Níbi ìsìnkú Mwanawasa, ní ọdún 2008, ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò dáadáa. Michael Sata ti bá a du ipò ààrẹ, ó sì ti fi ẹnu gún un bí abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, àìsàn ọkàn kọlu Sata, ìjọba Mwanawasa sì gbé e lọ sí Johannesburg fún ìtọ́jú. Nígbà tó gbádùn, àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, ìjà parí. Oṣù díẹ̀ sí i, Mwanawasa kú. Wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ kiri àwọn ìpínlẹ̀ kí aráàlú lè wò ó. Ìgbà tí wọ́n dé Chipata, Sata wá. Opó olóògbé ní kó máa lọ, pé kò bá ẹbí àwọn parí ìjà. Ojú gbogbo èèyàn ló ti ṣe é. Sata yí padà, ó lọ.

Àwọn kan dá opó náà lẹ́bi, èmi kò lè dá a lẹ́bi tán. Àwọn ọkùnrin méjì bọ ọwọ́ lójú oníròyìn, wọ́n rò pé ó ti parí, ẹnikẹ́ni kò sì rántí ẹni tí ó ń gbọ́ èébú ọkọ rẹ̀ lórí rédíò láràárọ̀. Ìjà olóṣèlú kì í mọ sára olóṣèlú. Ìyàwó ń jẹ níbẹ̀, ọmọ ń jẹ níbẹ̀ nílé ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ parí ìjà, ẹ wọ ilé lọ, ẹ jókòó sí pálọ̀, kí ìyàwó gbé omi wá. Ibi tí mo ti bá ìyá náà wí ni pé ìta gbangba kọ́ ló yẹ kí àlejò ti gbọ́ pé wọn kò fẹ́ òun. Ẹni tí a kò bá fẹ́ kó wá, kó gbọ́ ọ nílé rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 2020, níbi àdúrà fídàù ọjọ́ kẹjọ Sẹ́nétọ̀ Abíọ́lá Ajímọ̀bi, tí ìgbákejì gómìnà tó wá ṣojú ìjọba fi bá géètì ní títì. Ìtìjú gbogbo wa ni bí fídíò rẹ̀ ṣe wà lórí fóònù káàkiri.

John McCain ti Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ lọ́nà tó mọ́ ju ìyẹn lọ. Kó tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ló ti ṣètò gbogbo rẹ̀: ó ní kí George W. Bush àti Barack Obama, àwọn méjèèjì tó fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdíje ipò ààrẹ, wá sọ̀rọ̀ lórí òkú òun. Wọn kò pe Donald Trump, Trump sì mọ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gba pápá gọ́ọ̀fù lọ. Wọ́n bú u, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni èmi bá a wí sí. Àsíá orí White House, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀, ni: wọ́n ti fà á sókè padà láàárín ọjọ́ méjì, ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí a kò pè lè jókòó sílé rẹ̀. Àsíá kì í ṣe tirẹ̀, ti ìlú ni.

Nípa ọ̀rọ̀ tí alátakò ń sọ, ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Gbogbo wa mọ irú ìyìn tí ń mú kí ará ilé olóògbé máa wo ara wọn lójú. Èyí tó máa ń dára ni èyí tí kò sẹ́ ìjà. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, Ojúkwu sọ pé olóògbé náà ni ààrẹ tó dára jù lọ tí Nàìjíríà kò ní. Kò sí ẹni tó gbàgbé pé wọn kò sí níhà kan náà nígbà ogun, Ojúkwu kò sì díbọ́n pé àwọn wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọlé, tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Àwọn méjì kan gbọ́ òwe náà nínú ọkọ̀ òfurufú. Jimmy Carter na Gerald Ford nínú ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 1976, ìdíje náà sì korò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981, wọ́n pa Anwar Sadat ní Íjíbítì. Ààrẹ Reagan, tí ìbọn ti bà ní oṣù Kẹta, kò lọ síbi ìsìnkú náà. Nixon, Ford àti Carter ló rán. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ford àti Carter bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé gbèsè kan náà wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìkàwé tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ṣàdéhùn pé ẹni tó bá ṣáájú kú, ẹnìkejì yóò sọ̀rọ̀ lórí òkú rẹ̀.

Ford ló ṣáájú, ní òpin ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ de Carter. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2025, ọmọ rẹ̀ Steven kà á ní Washington: pé Carter mọ ibi tó ń dun òun nínú òṣèlú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, pé kò dùn mọ́ òun rárá, àṣé ìbò yẹn ni yóò fún òun ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ.

Carter ti san àdéhùn tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ní Grand Rapids, ìlú Ford. Kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. Lọ́jọ́ tó gba ìjọba ní 1977, kó tó sọ ohunkóhun mìíràn, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ford lójúkojú, níwájú gbogbo ìlú, fún iṣẹ́ tó ṣe láti wo ọgbẹ́ ilẹ̀ náà sàn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, gbólóhùn yẹn gan-an ló tún sọ nídìí pósí rẹ̀, ó ní òun kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó dára jù ú lọ láti sọ ọ́.