"Èló lo fi wá a?"

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé àwòrán alẹ́ẹ̀tì ₦24,000 sórí Status WhatsApp mi. Owó affiliate ni, ìyẹn ìpín tí ọlọ́jà fún mi torí àwọn tó gba orí líǹkì mi ra ọjà ẹ̀, mi ò sì tíì rí iye tó tó bẹ́ẹ̀ rí nídìí ẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi. "Ọlọ́run á fi kún un o." "Àǹtí, ẹ kọ́ àwa náà o." Orí mi wú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fóònù fún màmá mi kí wọ́n bá mi yọ̀. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní: "Èló lo fi wá a?"

Mo ní mo polówó lórí Facebook. Wọ́n ní èló. Mo ní ₦30,000. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

Ká sọ òótọ́, ó ju ₦30,000 lọ. Facebook máa ń yọ VAT 7.5% lórí ìpolówó wa ní Nàìjíríà, ìyẹn sì sọ ọ́ di ₦32,250. Èmi tí gbogbo ayé ń kí kú oríire ti jẹ gbèsè ₦8,250, mi ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tó ra kọ́ọ̀sì tí mo polówó ní òun ò fẹ́ mọ́, wọ́n dá owó ẹ̀ padà fún un, wọ́n sì yọ ₦8,000 tèmi náà padà. Ibi tí mo ti gba líǹkì, mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn, èmi ni mi ò kà á. Gbèsè wá di ₦16,250. Àwòrán alẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú fóònù mi. Mi ò pa á rẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọjà kì í ṣe tiyín. Ọlọ́jà á fún yín ní líǹkì kan tó jẹ́ tiyín nìkan, ẹni tó bá gba orí ẹ̀ ra ọjà, wọ́n á yọ ìpín yín fún yín. Amazon ti ń ṣe é láti 1996. Lọ́dọ̀ wa níbí, Selar àti Expertnaire ni orúkọ tí ẹ máa ń gbọ́ jù, kọ́ọ̀sì àti ìwé orí fóònù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìdán tuntun ni, bẹ́ẹ̀ màmá mi ti ṣe é ju ogún ọdún lọ. Aláròóbọ̀ ni wọ́n. Lọ́jà Gbági ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ń gba ànkárá àti léèsì láwìn lọ́wọ́ ìyá kan tó ní ìsọ̀, wọ́n á dì í sí báàgì, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ wọn. Bóṣù bá parí, wọ́n á lọ gbowó. Iye tí ìyá onísọ̀ dá lé e, wọ́n á kó o fún un. Èyí tó bá lé, tiwọn. Aṣọ tí kò bá tà, ó ń padà sí Gbági. Ẹsẹ̀ wọn ni líǹkì tiwọn.

Ohun tí wọ́n ní tí èmi ò ní ni ìwé ọlọ́gọ́ta ewé kan tó ń gbé inú báàgì wọn. Owó mọ́tò wà níbẹ̀. Owó ọmọ tó bá wọn ru ẹrù wà níbẹ̀. Owó omi tí wọ́n rà mu lójú ọ̀nà wà níbẹ̀. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé ta ló ń kọ owó omi sílẹ̀.

Mo ra ìwé tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ewé àkọ́kọ́ hàn yín. Kọ́ọ̀sì tí mo polówó, yíya pátánù aṣọ obìnrin ni, ₦20,000. Ìpín mi jẹ́ 40%, ìyẹn ₦8,000. Èèyàn 86 ló torí ìpolówó yẹn wá bá mi lórí WhatsApp. Pín ₦32,250 sí ọ̀nà 86, ó jẹ́ ₦375. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó kí mi pé "Ẹ káàárọ̀ mà, èló ni?" ti ná mi ní ₦375 kí n tó yanu dáhùn. Nínú ₦8,000, ẹ máa rí ₦375 bíi mọ́kànlélógún. Bí ẹnì kan ò bá ti rà nínú mọ́kànlélógún, ojú owó mi gan-an ò lè padà, ká má tíì sọ ti èrè. Tèmi, ẹnì kan nínú bíi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló rà.

Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà méjì yìí, tẹ́tẹ́ ló ń ta: èló ni ẹnì kan tó wá béèrè ń ná a, àti ẹni mélòó nínú wọn ló ń rà. Gbogbo ìyókù tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì ọ̀fẹ́, nọ́ńbà méjì yẹn ni wọ́n ń tún ṣe.

Mo wá jókòó lóru ọjọ́ kan, mo ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gbogbo èèyàn 86 náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú tì mí. Àwòrán tí ọlọ́jà fún wa ni mo lò: obìnrin òyìnbó kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé èèyàn á di gbajúmọ̀ aránṣọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn tí ìyẹn pè ni àwọn tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Ọ̀kan béèrè bóyá a máa fún òun ní ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Àwọn télọ̀ gidi wà láàárín wọn o, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń kọ̀wé, nígbà tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èmi sì ń dá wọn lóhùn. Nígbà yẹn wọ́n ti gbàgbé pé àwọn béèrè nǹkan kan.

Télọ̀ lèmi náà, kẹ́ ẹ lè mọ̀. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi mú un dání, mo sì ṣe fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan. "Bí oníbàárà yín bá gbọ́wọ́ sókè, tí gbogbo aṣọ bá a gòkè, ihò apá ló jìn jù. Ẹ wò ó." Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, mo gbé ìsàlẹ̀ ihò apá náà sókè ní ìdajì íńṣì lórí pátánù, mo tún un yà. Ó parí. Mi ò dárúkọ owó, mi ò ní ẹ ṣe kíá kó má tán. Mo kàn ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ kó kọ̀wé sí mi. Ọmọ iṣẹ́ náà wúkọ́ nínú fídíò, mi ò yọ ọ́ kúrò.

₦15,000 ni mo fi polówó ẹ̀, VAT sọ ọ́ di ₦16,125. Èèyàn 61 ló wá. Wọn ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ₦264 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ná mi, ẹni 6 ló sì rà. ₦48,000 wọlé. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo ń dá ìpolówó náà dúró, torí mi ò ní sanwó fún ẹni tí mi ò ní lè dá lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró títí ọjọ́ tí wọ́n fi lè gba owó padà fi kọjá kí n tó kọ ₦31,875 sí abẹ́ èrè.

Kí n tó dé orí pátánù, mo ti gbìyànjú kọ́ọ̀sì bí ẹni tó sanra ṣe lè fọn. Èmi yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ rẹ́rìn-ín tán kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Torí pé ìpín ẹ̀ pọ̀ ni mo ṣe mú un. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣe é, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mi ò bá lè dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀, mi ò tà á. Kọ́ọ̀sì pátánù yẹn, owó ara mi ni mo fi rà á. Mo mọ̀ pé ohùn olùkọ́ ò já gaara nínú ẹ̀kọ́ kẹrin, mo sì ń sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n tó sanwó pé kí wọ́n fi nǹkan sétí tí wọ́n bá débẹ̀. Ẹ máa rò pé ìyẹn á lé wọn lọ. Ọ̀kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ibi tó kù sí. Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́."

Mo tún ń sọ fún wọn pé tí wọ́n bá gba orí líǹkì mi, mo máa rí nǹkan níbẹ̀. Amazon tiẹ̀ fi í ṣe dandan fún àwọn tó ń bá a polówó pé kí wọ́n kọ ọ́ síta. Lọ́dọ̀ wa, àwọn kan máa ń fi pa mọ́ bí ẹni tó jalè. Kí ló dé? Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ńtì ilé ń gbowó? Èyí tó ń bí èèyàn nínú ni kó ṣe bí ẹni tó ń ṣojú àánú.

Nínú ẹni 55 tí kò rà nígbà náà, márùn-ún ti rà á lẹ́yìn oṣù méjì, mi ò sì ná kọ́bọ̀ míì lórí wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà mi pamọ́ sínú fóònù ẹ̀, kí èmi náà sì fi tiẹ̀ pamọ́. Tí kò bá fi í pamọ́, kò ní rí Status mi, iṣẹ́ tí mo bá sì fi broadcast rán sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹni 256 ni broadcast kan ń gbà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi àtúnṣe aṣọ kan hàn wọ́n, ọjà kì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó tún dára kí líǹkì Facebook yàtọ̀ sí líǹkì Status, tí ibi tí ẹ ti gba ọjà bá gbà yín láyè, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ẹni tó rà ti wá; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa máa fi owó bọ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ bá Amazon. Àwọn tó wà nínú fóònù mi, Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọníyà ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ń gbé, kí ni wọ́n fẹ́ rà ní Amazon? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston tàbí Peckham, tiyín lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wákàtí 24 péré ni líǹkì wọn máa ń rántí yín lẹ́yìn tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, àyàfi tó bá ti ju ọjà náà sínú agbọ̀n ìrajà. Tí líǹkì yín ò bá sì tíì ta ọjà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 180, wọ́n á ti àkáǹtì yín. Ní oṣù kẹrin 2020, wọ́n ṣàdédé gé ìpín lórí àga àti tábìlì láti 8% sí 3%, tí oúnjẹ sì já láti 5% sí 1%. Àwọn tó kọ́lé gbogbo sórí ilẹ̀ yẹn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé onílẹ̀ ti yí àdéhùn padà. Ìdí nìyẹn tí ìwé nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi fi ṣe pàtàkì sí mi ju líǹkì èyíkéyìí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èyí ní MMM. MMM ti oṣù kejìlá 2016, tí ó gbé owó àwọn èèyàn há, kò sí ọjà kankan nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe affiliate, tó wá jẹ́ pé orí àwọn tí ẹ bá mú wọlé ni owó ti ń wá, tí kò sí ẹni tó ń lo ọjà náà, ẹ sá. Àwọn tó sì ń ta kọ́ọ̀sì bí èèyàn ṣe ń ta kọ́ọ̀sì bí èèyàn ṣe ń ta kọ́ọ̀sì, èmi ò bá wọn jà. Tí wọ́n bá ti gbé alẹ́ẹ̀tì síta, ẹ bá mi béèrè ìbéèrè màmá mi lọ́wọ́ wọn.

Ti ọ̀sẹ̀ yìí: ìpolówó, ₦12,900 pẹ̀lú VAT. Ẹni 2 rà, ₦16,000. Mo kọ èrè ₦3,100 sílẹ̀, mo gbé ìwé fún màmá mi. Wọ́n wọ awò ojú wọn.

"Owó dátà ńkọ́?"

₦1,500. Mo tún un kọ.