Kò dandan kí náírà gòkè
Ẹ̀yin ará Kétu, wọ́n ń pín in lórí WhatsApp pé náírà ti já títí, dandan ni kó gòkè, kí oníṣòwò yáa fi gbogbo sẹ́fà (CFA, owó ilẹ̀ Benin wa) ọwọ́ rẹ̀ rà á pamọ́, kò séwu níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Pé ó já lánàá kò ní kó má tún já lọ́la. Sẹ́fà tó so mọ́ yúrò lónìí gan-an, tó so mọ́ owó Faransé nígbà yẹn, ṣebí ìdajì iye rẹ̀ sí owó Faransé ló lọ ní oṣù kìíní 1994.

Ẹ bi àwọn tó ń ṣẹ́ owó: èló lẹ ń ta náírà, èló lẹ ó rà á padà? Àlàfo yẹn, ẹ ti pàdánù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó délé. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi, ire ló rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tọ̀hún.