Ẹ Jẹ́ Kí Orin Náà Parí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Orin kò rí bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ orin tí rédíò bá fi síni létí, àbọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ lọ, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìparí orin rí kò ní ibi tí yóò ti mú un wá. Ọ̀rọ̀ tí a ní í bá àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún orin kíláásíkà sọ kò ju èyí lọ: ẹ máa jẹ́ kí orin náà parí.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ya ọ̀sẹ̀ náà sọ́tọ̀. Ó wù wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lówó ìwọlé sí gbọ̀ngàn orin, ẹni tí àìsàn dè mọ́ ibùsùn, ọmọdé tí kò rí ẹni kọ́ ọ ní dùùrù, asọ̀rọ̀mágbèsì ló lè gbé odindi ẹgbẹ́ olórin wá bá wọn nínú yàrá. Ohun tó ń dùn wá ni ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Wọn a kéde rẹ̀ tìlù tìfọn, wọn a wá fi àjákù orin kún un láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú.

Ẹ wo Símfónì Karùn-ún ti Beethoven, orin gígùn tí odindi ẹgbẹ́ olórin ń fi ohun èlò wọn ṣe, tó kọ́kọ́ dún ní gbangba ní Vienna lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1808. Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ orin kíláásíkà kan kọjá kí wọ́n má lò ó. Ohùn mẹ́rin tí tonílé tàlejò mọ̀ yẹn yóò dún, ìpín kìíní yóò sáré lọ fún bí ìṣẹ́jú 7, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò já lu orin pé Beethoven lẹ gbọ́ yẹn, ó di ìpolówó ọjà. Orin tó gba bí ìṣẹ́jú 33 ni, ìpín mẹ́rin ló sì ní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta tó ń fọn tròǹbóònù ti jókòó sẹ́yìn ẹgbẹ́, tí wọn kò fọn ohùn kan ṣoṣo. Nígbà tí ìpín kẹta bá ń lọ sópin, kò sí ìdánudúró. Orin náà a kàn máa rẹlẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ìlù kan ṣoṣo a máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ àwọn fayolíìnì, etí ẹni a máa wá ibi tí wọ́n ń lọ, kò ní í rí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yóò bú jáde pọ̀, tròǹbóònù pẹ̀lú wọn, òkùnkùn tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ohùn mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò sì tú ká. Ibẹ̀ ni Beethoven ti ń lọ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tí a fún ní ìpín kìíní nìkan, ìbínú Beethoven la fún un, a kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ayọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò a máa sọ pé olùgbọ́ ayé òde òní kò ní sùúrù, pé bí orin bá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò yí rédíò sí ibòmíràn. Ìtàn rédíò fúnra rẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1931 ni ilé ópẹ́rà Metropolitan ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odindi ópẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, sórí afẹ́fẹ́. Èyí tí Humperdinck kọ nípa Hänsel àti Gretel ni wọ́n fi ṣí i. Ètò ọ̀sán Sátidé náà ti lé ní 90 ọdún. Láti ọdún 1943 ni ètò kan ti wà ní BBC tó ń fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jíròrò lórí iṣẹ́ akọrin kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, BBC Radio 3 fi ọ̀sẹ̀ kan gbé gbogbo iṣẹ́ Beethoven sáfẹ́fẹ́, ó sì fi àwọn símfónì rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà tí àwọn ènìyàn gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ṣe ti Bach. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2011, Mozart gba ọjọ́ 12. Odindi iṣẹ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀, àwọn ènìyàn sì dúró tì í.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ sùúrù olùgbọ́, Leningrad ní Rọ́ṣíà ni ọkàn wa máa ń lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ti sé ìlú náà mọ́, ebi sì pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn níbẹ̀ ní ìgbà òtútù tó tẹ̀lé e. Shostakovich, tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ti kọ símfónì kan, ìkeje rẹ̀, ó sì fi sọrí Leningrad. Wọ́n pinnu pé àfi kí ó dún nínú ìlú náà gan-an. Ẹgbẹ́ olórin ilé iṣẹ́ rédíò nìkan ló kù tó lè ṣe é, Karl Eliasberg ni olùdarí wọn. Nígbà tí ó ké sí wọn fún ìdánrawò àkọ́kọ́, nǹkan bí àwọn 15 péré ló lè wá. Àwọn kan ti kú, àwọn mìíràn kò lè fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń fọn fèrè kò ní èémí tí wọn yóò fi fọn ún. Ojú ogun ni wọ́n ti lọ pe àwọn ọmọ ogun tó mọ orin ṣe wá kún wọn. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1942, lẹ́yìn tí ìbọn ńlá àwọn ọmọ ogun Soviet ti pa àwọn ìbọn Jámánì lẹ́nu mọ́, orin náà bẹ̀rẹ̀. Rédíò gbé e káàkiri ìlú, wọ́n sì kọ ojú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí àgọ́ ọ̀tá kí àwọn náà lè gbọ́. Orin náà lé ní wákàtí kan dáadáa. Kò sẹ́ni tó gé e. Àwọn tí ebi ń pa kú lọ ló jókòó gbọ́ ọ tán, àwọn tí ebi ń pa bíi tiwọn ló sì ṣe é fún wọn.

Lẹ́yìn èyí, a kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ fún wa pé ìṣẹ́jú 33 ti pọ̀ jù fún ẹni tó jókòó nínú ilé rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ ti owó. Ìpolówó ọjà ló ń bọ́ ilé iṣẹ́ rédíò, a mọ̀, àwa tí à ń tẹ ìwé ìròyìn náà mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1940 títí di ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ epo Texaco fi sanwó ètò ópẹ́rà Metropolitan yẹn, kò sì béèrè pé kí olórin dákẹ́ láàárín orin kí wọ́n lè dárúkọ òun. Ìsinmi wà láàárín ìpele kan àti èkejì. Ibẹ̀ ni àyè ìpolówó wà, ibẹ̀ náà ni olùgbọ́ ti lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí a kò já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó polówó fún un.

Oríṣi gígé mìíràn wà tí ojú kì í rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀rọ kan wà láàárín yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti òpó gíga wọn, tó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè, tó sì ń tẹ èyí tó ròkè mọ́lẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè gbọ́ ohun gbogbo bákan náà. Ó dára fún ìròyìn. Ó dára fún orin ijó. Ẹ wá gbé Boléro tí Ravel kọ lọ́dún 1928 gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Ìlù kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú, fèrè kan bọ́ sí i, òmíràn tẹ̀lé e, ohùn orin kan náà ni wọ́n ń gbé fún ara wọn fún bí ìṣẹ́jú 15, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ròkè díẹ̀díẹ̀, tí kò sì yára sí i. Ríròkè yẹn lọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orin náà. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ́ ẹ dọ́gba, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ ti di ọ̀kan náà, kò sì sí ohun tí olùgbọ́ yóò dúró dè mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀sẹ̀ orin kíláásíkà gbọ́dọ̀ dẹ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún wákàtí tí ètò náà bá fi ń lọ. Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin BBC fẹ́ ṣe iṣẹ́ John Cage tó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀, wọ́n ní láti pa ẹ̀rọ tó máa ń gbé orin mìíràn sáfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bí rédíò bá dákẹ́ jù. Wọ́n pa á, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì lọ títí dé òpin rẹ̀.

Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò sí lórí orin, kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ló wà. Ìṣẹ́jú méjì péré tó fún un láti sọ pé ọmọ bàbá aláwọ̀ dúdú kan, George Bridgetower tó ń ta fayolíìnì, ni Beethoven kọ sónátà kẹsàn-án fún fayolíìnì rẹ̀ fún, pé àwọn méjèèjì jọ ṣe é ní Vienna lóṣù Karùn-ún ọdún 1803, pé wọ́n jà lẹ́yìn náà, tí Beethoven sì fi orúkọ Kreutzer, ẹlòmíràn tó ń ta fayolíìnì, rọ́pò orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kreutzer kò ṣe orin náà rí ní gbangba. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yẹn yóò tẹ́tí. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dárúkọ àwọn tó ṣe orin náà pẹ̀lú, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ nìkan, kí ó sì dákẹ́.

Àpẹẹrẹ kan kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Láti ọdún 1956 títí di ọdún 1997 ni ètò kan lórí rédíò CBC ní Kánádà fi orin Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin kíláásíkà, bẹ̀rẹ̀, ìpín tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ tó kọ fún àwọn irinṣẹ́ olókùn lọ́dún 1944. Ó lé ní 40 ọdún. Àwọn tó gbọ́ ohùn orin yẹn títí tó fi di ara ilé wọn yóò pọ̀ jọjọ. Ìpín márùn-ún ni iṣẹ́ náà ní, àwọn mẹ́rin tó ṣáájú ló sì ṣàlàyé ìdùnnú tó wà nínú ìkarùn-ún. Inú wa ì bá dùn ká ní gbogbo ẹni tó mọ ìpín yẹn ló mọ èyí tó kù.

Nítorí náà, bí wákàtí méjì lójúmọ́ ni ilé iṣẹ́ kan ní fún ọ̀sẹ̀ náà, kí ó fi ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó pé, kí ó má fi ṣe 20 tó já. Kí ó fi í sí wákàtí tí ojú ṣì là. Kí ó tẹ orúkọ orin àti iye ìṣẹ́jú rẹ̀ jáde ṣáájú, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ lè fi àyè sílẹ̀ fún un. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá sì parí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí alẹ́ ọjọ́ kan ṣì wà nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àti nínú èyí tó tún tẹ̀lé e, ní wákàtí kan náà, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo yóò bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò yẹn, tí yóò sì dé òpin.