Ìfófó ẹnu oníwárápá kì í ran ẹnikẹ́ni o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Tí wárápá bá gbé èèyàn ní Ojúẹlẹ́gbá tàbí Òṣòdì, kíá lèrò á sá sẹ́yìn, wọ́n á máa pariwo "ẹ má fọwọ́ kàn án o, tí ìfófó yẹn bá ta sí yín lára ó ti ràn yín nìyẹn", ọmọ ọlọ́mọ á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, á máa forí gbá kọnkéré, kò sẹ́ni tó máa sún mọ́ ọn. Irọ́ ni. Wárápá kì í ràn. Itọ́ ni ìfófó yẹn, itọ́ tí ò rí gbé mì lásìkò yẹn, èémí ló ń fẹ́ ẹ tó fi ń hó. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ẹ̀, ó fi eyín gé ahọ́n jẹ ni.

Inú ọpọlọ lọ̀rọ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ níbẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fara kanra, àlàfo tín-ín-rín ló wà láàárín wọn. Tí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, iná kékeré á sáré gba ara ẹ̀ kọjá, tó bá ti dé ìpẹ̀kun á tú kẹ́míkà sínú àlàfo yẹn, kẹ́míkà yẹn ló máa lọ jíṣẹ́. Èyí tó ń jẹ́ glutamate á ní "ó yá, ṣe é", GABA á ní "ó tó, rọra". Ìgbà tí "ó yá" bá wá borí "ó tó", ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì á máa ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi kọ̀ndọ́ Òṣòdì, ara á wá máa gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni itọ́ ṣe fẹ́ gbé ìyẹn wọ ara ẹlòmíì?

Ọmọ tí ò rí èémí mí dáadáa nígbà tí wọ́n ń bí i, ẹni tó já lórí ọ̀kadà tó forí ṣèṣe, ibà tó wọ ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stroke, gbogbo ìyẹn lè fà á. Oògùn sì wà, phenobarbitone ti wà látọdún 1912, ohùn GABA ló ń ràn lọ́wọ́, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì sọ pé tí wọ́n bá tọ́jú wọn bó ṣe yẹ, tó èèyàn 70 nínú 100 ló lè máa gbé ayé wọn láìjẹ́ pé ó ń gbé wọn mọ́.

Torí náà ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu (kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì), tó bá ti ń rọlẹ̀ ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago: tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ni o, LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gbá.