Ẹni tó ní kí nọ́ọ̀sì má dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi dípò rẹ̀?

Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti lè gùn lé ìyanṣẹ́lódì báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ: ṣé wọn ò láàánú ni? Tẹlifíṣọ̀n á máa fi ibùsùn tó ṣófo hàn wá, mínísítà á ní òun ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba á sì ti mú ọ̀nà ilé ẹjọ́ pọ̀n. Ohun tí wọn kì í sábàá béèrè ni iye ọdún tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti fi ń kọ lẹ́tà kó tó di pé wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ fi òfin dín ìyanṣẹ́lódì nọ́ọ̀sì kù lè ní ìdí tó dáa, nítorí ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ kó kọ́kọ́ so ọwọ́ ara rẹ̀ ná. Kó gbà kí onílàjà tí kò sí lábẹ́ ẹnì kankan dá ọ̀rọ̀ owó oṣù nígbà tí ìjíròrò bá forí ṣánpọ́n, kí ìdájọ́ náà sì de ìjọba bó ṣe de nọ́ọ̀sì. Láìsí ìyẹn, ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wọn ò ju pé kí wọ́n máa jìyà, kí wọ́n sì panu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó korò bẹ̀rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì nọ́ọ̀sì máa ń mú ẹ̀mí lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Jonathan Gruber àti Samuel Kleiner, yẹ àwọn ìyanṣẹ́lódì tó wáyé láwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ New York láàárín 1984 sí 2004 wò. Wọ́n rí i pé àwọn aláìsàn tó ń kú sí ilé ìwòsàn lásìkò ìyanṣẹ́lódì fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àti pé ilé ìwòsàn tó háyà nọ́ọ̀sì àfidípò kò ṣe dáadáa ju èyí tí kò háyà lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá ń sọ pé kò sóhun tó ṣe aláìsàn kankan lẹ́yìn òun, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ṣùgbọ́n ikú mìíràn wà tí kì í pariwo. Ní 2002, Linda Aiken, olùṣèwádìí nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bí wọ́n bá fi aláìsàn kan ṣoṣo kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé aláìsàn á kú láàárín 30 ọjọ́ á fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ rántí pé aláìsàn kan péré la sọ. Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ló wà tó jẹ́ pé mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kún un lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kejì ò bá wá.

Ẹni tí kò bá tíì sùn sí wọ́ọ̀dù rí lè má mọ bó ṣe ń rí. Aago méjì òru ni, nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣọ́ ogún ibùsùn. Ó yẹ kó máa wọn ìfúnpá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa wo aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ le. Àfi bí dírípù bàbá tó wà ní ìkángun ṣe gbẹ, ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ìrora ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lánàá ti kọjá àsìkò. Kó tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ, wákàtí kan ti lọ, aṣọ ti rin gbingbin. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ló dà lẹ́yìn ìbímọ. Kò síbi tí wọ́n ti máa kọ ọ́ nínú ìwé yẹn pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kankan ò sì ní wá.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹnì kan ni pé owó tí wọ́n ń san kò lè dá ẹnì kejì dúró. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé ní 2023 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 29.8, àti pé mílíọ̀nù 5.8 ló ṣì kù kí iye wọn tó tó. Ẹni tí wọ́n ń wá báyìí níbi gbogbo kì í pẹ́ rí ibi tó máa lọ. Orílẹ̀-èdè tó lówó á ra nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ilé ìwòsàn aládàáni á fa ti ìjọba, àwọn tó kù á sì máa ru ẹrù àwọn tó lọ títí tí àwọn náà fi máa lọ. Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé ilé ìwòsàn tó ní òun ò lówó tóun lè fi kún owó oṣù ni wọ́n sábà máa ń bá lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń yáni ní nọ́ọ̀sì, tó ń fi wákàtí sanwó tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹni tó bá ń wá owó kó lọ ṣòwò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní kí adájọ́ máa fi ọlá ipò rẹ̀ san owó ilé. Ìròyìn WHO kan náà sọ pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn nọ́ọ̀sì ni obìnrin, ó sì ṣòro fún wa láti gbà pé ọ̀rọ̀ àánú yìí ò ní í ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Ní Dẹ́nmárkì, òfin tó to owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpele-ìpele ní 1969 fi nọ́ọ̀sì sí ìpele tó rẹlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ṣì ń pariwo òfin ọ̀hún nígbà tí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2021. Ọdún 52 rèé o.

Ìyìn pàápàá kì í wọ́n wọn. Ní Ìlú Ọba, lásìkò àrùn kòrónà, òpin oṣù kẹta ọdún 2020 ni àwọn èèyàn, títí kan àwọn aláṣẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan ni ìjọba yẹn dábàá pé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n fi kún owó wọn. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ìdá 3, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ọjà gbé ìyẹn náà mì, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti wà láti 1916 bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó tóbi jù nínú ìtàn rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Ìṣòro ibòmíràn kì í tilẹ̀ ṣe pé wọn ò tíì ṣàdéhùn. Wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn owó oṣù pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní 2013, kò ṣẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn dókítà dáṣẹ́ sílẹ̀ fún 100 ọjọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e kò tíì dé ìdajì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi jáde ní tiwọn, nǹkan bí oṣù márùn-ún ni wọ́n sì fi wà níta. Ní Nàìjíríà, ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn nọ́ọ̀sì ní 2016 wà lára ohun tí wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba tẹ̀ jáde nínú ìwé ìkéde rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni mínísítà ráyè. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ṣèpàdé tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ wo ni ìjọba ń kọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí ọdún mẹ́sàn-án ìwà pẹ̀lẹ́ kò rí ṣe ohun tí ọjọ́ mélòó kan ṣe?

Àwọn ìjọba kan ti gba ọ̀nà àbùjá. Sìmbábúè ṣe òfin ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ju wákàtí 72 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀wọ̀n sì lè jẹ́ èrè ẹni tó bá ṣètò èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Dẹ́nmárkì tí a mẹ́nu bà lókè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló fòpin sí ìyanṣẹ́lódì náà, àdéhùn tí àwọn nọ́ọ̀sì ti dìbò kọ̀ gan-an ni wọ́n sì kà sí wọn lọ́rùn. Wọ́ọ̀dù á kún padà lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Òfin lè dá nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí, àmọ́ kò lè ní kó má kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́la.

Ọ̀nà tó tọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 149 tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣe ní 1977 lórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sọ pé bí ìjà bá wáyé lórí ipò iṣẹ́, kí wọ́n yanjú rẹ̀ nípa ìjíròrò tàbí nípasẹ̀ onílàjà tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. ILO yẹn náà gbà pé orílẹ̀-èdè lè fòfin dín ìyanṣẹ́lódì kù nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa dí àlàfo náà fún òṣìṣẹ́: ìlàjà àti ìdájọ́ tó yára, tí kò ṣègbè. Apá àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìjọba ń kà. Ó sì ṣeé ṣe o. Lẹ́yìn tí nǹkan bí 7,000 nọ́ọ̀sì yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú New York ní oṣù kìíní ọdún 2023, àdéhùn tí wọ́n bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti ilé ìwòsàn Mount Sinai fún onílàjà lágbára láti bu owó lé ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò bá tó. Ìpínlẹ̀ California ní tiẹ̀ ti ṣòfin ní 1999, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, lórí iye aláìsàn tí wọ́n lè kó fún nọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjọba á ní owó kò sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Kó wá kó ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú onílàjà, kí òun náà wò ó, títí kan iye tí wọ́n ń san fún nọ́ọ̀sì àyálò. Bí onílàjà bá ní kò sí lóòótọ́, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá sì dájọ́ pé kí wọ́n san án, kí owó náà ti wà nínú ètò ìṣúná tó tẹ̀ lé e, kó má tún di ohun tí wọ́n ń wá ìgbìmọ̀ kan lọ gbé yẹ̀ wò. Ohun kan náà ló yẹ kó kan àwọn tí a kì í dárúkọ: ẹni tó ń fọ wọ́ọ̀dù, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀ láé. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022 ní Ìlú Ọba, wọ́n yọ àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ kíndìnrín wọn àti àwọn ọmọ ọwọ́ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe sọ́tọ̀, kí ìyanṣẹ́lódì náà má bàa kàn wọ́n. Ohun tí a fẹ́ níbi gbogbo nìyẹn, ó kéré tán. Bí ìjọba kan bá sì fi onílàjà tí ìdájọ́ rẹ̀ de òun náà lélẹ̀, tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì kan wá kọtí ikún sí ìdájọ́ yẹn tí wọ́n tún dáṣẹ́ sílẹ̀, ojú ìwé yìí kan náà la ó ti bá wọn wí.