Kí Abẹ́rẹ́ Mẹlanóómà Tó Dé, Ẹ Yẹ Àtẹ́lẹsẹ̀ Wò

Láti ọdún 2011 ni ìtọ́jú mẹlanóómà, ìyẹn jẹjẹrẹ tí í bẹ̀rẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní àwọ̀, ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ọdún náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ipilimumab, èròjà agbóguntàrùn tí kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń tú ìjánu ẹnu àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara, kí wọ́n lè dojú ìjà kọ àrùn náà. Nivolumab àti pembrolizumab tẹ̀lé e ní 2014. Ìmọ̀ tó bí àwọn oògùn wọ̀nyí ni James Allison àti Tasuku Honjo fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kàn báyìí, kì í sì í ṣe èyí tí a ń gún fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, àwọn tí àrùn ti mú ni wọ́n ń ṣe é fún. Ilé-iṣẹ́ Scancell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dán SCIB1 wò, abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe èròjà agbóguntàrùn tí a ti fi àmì ìdánimọ̀ mẹlanóómà sínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn Moderna àti Merck gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń wo àyípadà inú àbùdá jẹjẹrẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ṣe abẹ́rẹ́ tirẹ̀ fún un. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi ènìyàn 157 tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ṣe, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, fífi abẹ́rẹ́ yìí kún pembrolizumab dín ewu pé àrùn yóò padà tàbí pa aláìsàn kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, ju lílo pembrolizumab nìkan lọ.

Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n mẹlanóómà àwọn aláwọ̀ funfun, tí oòrùn sábà máa ń fà, ni ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyí dá lé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ènìyàn dúdú a máa wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Irú rẹ̀ ló ti abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley jáde ní 1977, tí ó sì pa á ní 1981 ní ẹni ọdún 36. Àyípadà inú àbùdá irú yìí kéré sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ àyípadà yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ Moderna ń lò. Ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa bí ó ti ṣiṣẹ́ fún ará Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé a dán an wò lára irú rẹ̀?

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò ju agbára rẹ̀ lọ. Ilé ìtọ́jú egbò Buruli, àrùn tí ń jẹ awọ ara, wà ní Pobè, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ti ń wọ abúlé láti máa yẹ awọ ara àwọn ènìyàn wò. Kí wọ́n kọ́ wọn láti máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná pẹ̀lú, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Àmì dúdú tó ń fẹ̀ sí i, tàbí egbò tí kò jiná, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹ̀gún tàbí ibi tí ọkọ́ ti bà, tí wọ́n á fi ewé dì títí yóò fi pẹ́ jù. Bí a bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ nìkan lè wò ó sàn.

Àwọn kan yóò ní ibà ló ń pa àwọn ọmọ wa. Òótọ́ ni, a kò sì sọ pé kí a gba owó ibà fún jẹjẹrẹ. Wíwo àtẹ́lẹsẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi nivolumab àti pembrolizumab sára àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2019, nítorí náà ó yẹ kí ètò ìdójútòfò ìlera ìjọba, ARCH, ní ètò kan fún aláìsàn tí àrùn rẹ̀ ti tàn kálẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìlera sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí a bá rí àrùn yìí lára rẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò gbé lọ bá àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ nígbà tó bá ń bèèrè pé kí wọ́n fi àwọn aláìsàn tiwa náà kún ìwádìí wọn.